ÌWÀÁSÙ ÀJỌ̀DÚN: ẸNI TÍ YÓÒ GUN ÒKÈ NÍGBÀ ÒTÚTÙ

Ẹ̀kọ́ kíkà: Sámúẹ́lì Kejì 23:20, Orin Dáfídì 24:3–4, Mátíù 17:1–20

   

Iṣẹ́ tí a fi rán mi nínú ìwé yìí jẹ mọ́ òkè gígùn. Ẹni tó bá ń gbé Òṣogbo kò lè sọ pé òun kò mọ òkè. Òkè Fíà rèé, Òkè Baálẹ̀ rèé, Òkè Ayépé rèé. Bí ẹ bá sì wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, òkè ni yóò máa pàdé yín, títí ẹ ó fi dé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà níbi tí omi Olúmìrìn ti ń já bọ́ láti orí àpáta ní ipele méje. Àwa Aládùúrà ní tiwa, bí a bá ti rí òkè, ara wa kì í gbà á mọ́. Ẹ wo ojú ọ̀nà ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì: ọkọ̀ akérò tó kún fún aláṣọ funfun, pẹ̀lú kéègì omi àti ẹní. Wọ́n ń lọ sórí òkè nìyẹn. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí. Èmi pàápàá ń lọ. Ọ̀nà tí a ń gbà lọ ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, pàápàá nígbà ọyẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo Bẹnáyà, ọmọ Jèhóíádà. Ọ̀kan nínú àwọn akọni Dáfídì ni. Ìwé Mímọ́ sọ fún wa pé ó pa kìnnìún kan nínú ihò. Èyí nìkan ì bá ti tó ìròyìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ìwé náà kò fẹ́ kí a gbàgbé pé ọjọ́ òjò dídì ni. Kí ló kàn wá pẹ̀lú ojú ọjọ́? Ó kàn wá púpọ̀. Òjò dídì ni omi tó ti dì lójú sánmà, tó wá ń rọ̀ sílẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí òwú tí wọ́n gbọ̀n. Ẹni tó bá ní ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Kánádà ti gbọ́ nípa rẹ̀ lórí tẹlifóònù. Bó bá bo ilẹ̀, ẹsẹ̀ kì í rí ibi dúró sí. Ọwọ́ á kú, ìka kò ní lè di idà mú. Nínú ìyọ̀ yẹn àti òtútù yẹn ni Bẹnáyà ti bá kìnnìún wọ̀yá ìjà. Ẹ tún kíyè sí ohun kan: ó SỌ̀KALẸ̀ ni. Kì í ṣe orí òkè ló ti pa kìnnìún rẹ̀, inú ihò ni. A ó padà síbẹ̀.

Òjò dídì kò rọ̀ ní Òṣogbo rí. Ọyẹ́ ni tiwa. Láti nǹkan bí oṣù November títí di February ni afẹ́fẹ́ yẹn ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, tó ń gbé eruku wá láti ìhà Chad lọ́hùn-ún. Ètè á bẹ́, gìgísẹ̀ á sán, imú á gbẹ. Ní agogo mẹ́rin ìdájí lórí àpáta, tí ẹ ti bọ́ bàtà nítorí ilẹ̀ mímọ́, tí ẹ sì ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ó mọ̀ pé ọyẹ́ kì í ṣe eré ọmọdé.

Àwọn baba wa mọ òkè dáadáa. Wòlíì Josiah Oshitelu ti Ògèré bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún orí òkè Tábórà ní ọdún 1937. Ní Iléṣà, nítòsí wa níhìn-ín, ẹ ti gbọ́ orúkọ Òkè-Ooyè. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó ti ń wa kátapílà tí a fi ń tẹ ọ̀nà kí Olúwa tó pè é ní ọdún 1928 lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, níbẹ̀ ni ìsọjí ńlá ti bẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní July 1930. Gbogbo wa la mọ ìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò fi bẹ́ẹ̀ rò ni pé Òkè-Ooyè kì í ṣe òkè inú igbó. Àdúgbò ni, láàárín ilé, láàárín ọjà àti ariwo. Kí ló sì kó àwọn àgbà ìjọ jọ sí Iléṣà nígbà náà? Aáwọ̀ ni! Wọ́n wá yanjú àríyànjiyàn lórí ẹ̀kọ́ ìjọ. Ibi tí àwọn ènìyàn ti jókòó láti parí ìjà ni iná ti sọ. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn wọ̀ wá létí. Onísáàmù béèrè ẹni tí yóò gun òkè Olúwa, ó sì dá ara rẹ̀ lóhùn pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tí ọkàn rẹ̀ sì mọ́ ni. Kò sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rárá. Mo mọ àwọn arábìnrin méjì kan nínú ẹgbẹ́ akọrin (n ò ní dárúkọ wọn, wọ́n á ka ìwé yìí) tí wọn kì í kí ara wọn nísàlẹ̀, tí wọ́n jọ ń gun òkè kan náà lọ́dọọdún, tí ìkíní ń gba ọ̀tún, tí ìkejì ń gba òsì.

Ẹ wá jẹ́ kí n mú yín rìn jìnnà díẹ̀, kí ẹ lè rí ohun tí òkè ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá gùn ún nígbà òtútù gan-an.

Ní ààlà Pakistan àti Ṣáínà ni òkè kan wà tí wọ́n ń pè ní K2. Everest nìkan ló ga jù ú lọ ní gbogbo ayé. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 8,611. Òṣogbo wa yìí fi díẹ̀ lé ní mítà 300 ga ju ojú òkun lọ, ẹ fi wéra wọn. Bí ènìyàn bá ti kọjá mítà 8,000, afẹ́fẹ́ ìyè tí yóò mí símú kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tí a ń mí ní Èkó. Ọ̀nà tí àwọn tó ń gùn ún sábà ń gbà yọ síta bí egungun ẹ̀yìn màlúù tó rù: ọ̀gbun lọ́tùn-ún, ọ̀gbun lósì, kò sí igi tí ọwọ́ lè dì mú, kò sí ògiri tí yóò gba ẹ̀fúùfù fún ni. Wọ́n ń so irin eléyín mọ́ bàtà kí ẹsẹ̀ má bàa yọ̀, wọ́n sì ń na okùn sára òkè láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹni tí òtútù bá mú jù, ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ rẹ̀ á kú, á dúdú bí èédú, wọ́n á sì gé e.

Àwọn ará Ítálì ló kọ́kọ́ dé góńgó òkè yìí, ní 31 July 1954, nígbà ooru wọn. Ṣùgbọ́n nígbà òtútù, ó kọ̀ fún gbogbo ayé. Òkè mẹ́rìnlá ló wà láyé tó ga ju mítà 8,000 lọ. Àwọn ará Pólàńdì méjì, Krzysztof Wielicki àti Leszek Cichy, gun Everest nígbà òtútù ní 17 February 1980. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń gun àwọn yòókù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku K2 nìkan ṣoṣo. Àwọn alágbára lọ, wọ́n padà. Àwọn olówó lọ, wọ́n padà.

Ní 16 January 2021, àwọn ọkùnrin mẹ́wàá dé ibẹ̀. Ọmọ Nepal ni gbogbo wọn, Sherpa sì ni mẹ́sàn-án nínú wọn. Ta ni Sherpa? Àwọn ni wọ́n ti ń ru ẹrù òyìnbó gun òkè láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ni wọ́n ń na okùn, àwọn ni wọ́n ń gbé àgọ́, àwọn ni wọ́n ń yọ́ yìnyín kí ọ̀gá lè rí omi mu. Bí wọ́n bá dé òkè tán, orúkọ ọ̀gá ni ìwé ìròyìn á gbé. Ẹ̀yin alábòójútó tó ń gbá ilé Olúwa, ẹ̀yin tó ń pọnmi sí agbada ìwẹnumọ́, ẹ̀yin tí a kì í dárúkọ yín lọ́jọ́ àjọ̀dún, ẹ gbọ́ èyí o!

Inú ẹgbẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn mẹ́wàá náà ti wá. Nirmal Purja ló ń darí ọ̀kan, Mingma Gyalje sì ń darí òmíràn. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ì bá ti sá fún èkejì kó lè jẹ́ àkọ́kọ́. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n pa okùn wọn pọ̀. Nígbà tó ku nǹkan bí mítà mẹ́wàá péré kí wọ́n dé góńgó, àwọn tó ṣáájú dúró. Nínú òtútù tó ń pa ènìyàn, tí oòrùn ti ń wọ̀, wọ́n dúró de àwọn tó wà lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n pé mẹ́wàá, wọ́n fi èjìká kan èjìká, wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè wọn, wọ́n sì jọ gbé ẹsẹ̀ lé góńgó òkè lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ló wá ṣáájú? Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò lè sọ. Halelúyà!

Mo máa ń ronú sí mítà mẹ́wàá yẹn. Kò ju ìrìn láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dé ìdí pẹpẹ lọ. Ká ní àwa Aládùúrà ni, ǹjẹ́ à bá dúró? Láàárín wa, ẹlòmíràn rí ìran kan lórí òkè, kó tó sọ̀kalẹ̀ ó ti rí pátákó ìjọ tirẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Kò dúró de baba tó bí i nínú ẹ̀mí. Kò dúró de ẹgbẹ́ rẹ̀. Òun ló ṣáájú, òun nìkan ló sì dé ibẹ̀. Àwa la kún àdúgbò fún ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, tí agogo tibí ń pa ìró agogo tọ̀hún. Mósè tó ju gbogbo wa lọ, nígbà tí apá rẹ̀ ro ó lórí òkè lọ́jọ́ ogun Ámálékì, Áárónì di ọwọ́ kan mú, Húrì di ọwọ́ kejì mú. Ká ní òun nìkan ló gòkè lọ ńkọ́?

Ẹ má rò pé ìtàn ayọ̀ nìkan ni mo mú wá. Ní ọjọ́ náà gan-an tí àwọn mẹ́wàá dé góńgó, Sergi Mingote, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì, ṣubú lórí òkè kan náà, ó sì kú. Ó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ ni. Ní 5 February ọdún náà, àwọn mẹ́rin tún gbéra láti gun góńgó: Ali Sadpara ọmọ Pakistan, ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Sajid, John Snorri ọmọ Iceland, àti Juan Pablo Mohr ọmọ Chile. Lójú ọ̀nà, ẹ̀rọ tó ń fún Sajid ní afẹ́fẹ́ láti inú agolo rẹ̀ bàjẹ́. Ó yí padà, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí àgọ́, ó sì ń dúró de bàbá rẹ̀. Àwọn mẹ́ta náà kò padà mọ́. Oṣù July ni wọ́n tó rí òkú wọn, Sajid ọmọ yìí kan náà ló sì tún gun òkè lọ láti tọ́jú òkú bàbá rẹ̀. Ẹ sọ fún mi, ará, ṣé ojo ni Sajid nígbà tó yí padà? Àwọn àgbà ní yíyọ́ ẹkùn, tojo kọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, bí ẹnì kan bá sọ pé òun fẹ́ sọ̀kalẹ̀ láàárín òru, wọ́n á ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Wọ́n á ní Èṣù ló ń fà á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ gan-an nìyí, mo sì bẹ yín, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà ọyẹ́, mo wà lára àwọn tó ń gun òkè kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. N ò ní dárúkọ òkè náà. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin ń gbé ìyá àgbà kan lọ níwájú wa lórí àga. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń dà á láàmú. Ẹnì kan ti sọ fún un pé bó bá gbé oògùn rẹ̀ gòkè, Olúwa kò ní gbọ́, nítorí náà ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tó ti lo oògùn gbẹ̀yìn, ààwẹ̀ aláìfẹnubomi ló sì fi ń gùn ún. Nígbà tí a dé ìdajì òkè, ẹnu ìyá yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ kò já gaara mọ́. Wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n yí i ká, àdúrà gbóná. Ẹnì kan ní ká máa gbé e lọ sókè, ó ní iṣẹ́ ìyanu ti sún mọ́lé. Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì nísàlẹ̀ òkè, tó ń bá wa gbé igbá bọ̀, òun ló pariwo pé, "Ẹ gbé ìyá yìí sọ̀kalẹ̀! Ẹ̀yin ò lójú ni?" Wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀, ó di ọsibítù. Ìyá kò kú, ògo ni f'Ọ́lọ́run. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò di ìwé orin mú mọ́ títí di òní olónìí. Mi ò mọ ohun tí ìyá tó ń ta búrẹ́dì náà ń sìn. Mo mọ̀ pé lóru yẹn, òun ló gbọ́ ohùn Olúwa nínú gbogbo wa.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé, "Wòlíì, Baba Mósè Orímọládé ńkọ́? Ṣé ẹni tó tiro kọ́?" Ó tiro ní tòótọ́. Síbẹ̀ ó rin ìrìn àjò láti Ìkàrẹ́ yí ọ̀pọ̀ ìlú ká kó tó wọ Èkó ní ọdún 1924. Ṣùgbọ́n baba mọ ẹsẹ̀ rẹ̀! Ọdún púpọ̀ ló fi rin ìrìn náà, ìlú dé ìlú, kò sì sí ẹni tó fi í sórí àga tó ń sáré gbé e gun àpáta lóru.

Ṣé orí òkè nìkan ni Ọlọ́run ń gbé ni? Àwọn ará Síríà rò bẹ́ẹ̀ nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 20. Wọ́n ní ọlọ́run òkè ni Ọlọ́run Ísírẹ́lì, pé bí àwọn bá bá a jà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, àwọn á borí. Ẹ lọ kà á wò, ẹ ó rí iye ọmọ ogun wọn tó ṣubú lọ́jọ́ kan, lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ẹ tún wo Mátíù orí 17. Jésù mú Pétérù, Jákọ́bù àti Jòhánù gun òkè gíga. Ojú rẹ̀ ràn bí oòrùn. Pétérù rí i pé ibẹ̀ dùn, ló bá fẹ́ kọ́ àgọ́ mẹ́ta kí wọ́n máa gbé ibẹ̀ lọ. (Ẹni tó bá ti sùn lórí òkè nígbà tí Ẹ̀mí bá rọ̀ dẹ̀dẹ̀ kò ní bínú sí Pétérù.) Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, bàbá kan ń sunkún. Ọmọ rẹ̀ ń ṣubú sínú iná, ó ń ṣubú sínú omi, àwọn ọmọ ẹ̀yìn tó kù nísàlẹ̀ kò rí i ṣe. Ká ní wọ́n kọ́ àgọ́ náà, ta ni ì bá gba ọmọ yẹn sílẹ̀? Jésù sọ̀kalẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni kìnnìún wà, gẹ́gẹ́ bí ti Bẹnáyà. Ìsàlẹ̀ ni owó ilé ìwé ọmọ wà, ìsàlẹ̀ ni ọkọ tó ń mutí wà, ìsàlẹ̀ ni ọmọ tó ti gba ọ̀nà Líbíà lọ tí a kò gbóhùn rẹ̀ wà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ó bá wa gòkè lóru àjọ̀dún yìí, ẹ gbọ́ ètò wa. Aboyún kò ní gòkè. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru yóò lo oògùn rẹ̀, yóò jẹun, yóò sì gbàdúrà nísàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbà. Ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ bá eruku ọyẹ́ jà, ẹni tó sì ní fọ̀níkú-fọ̀nídìde kò gbọdọ̀ sun orí àpáta tútù, nítorí òtútù a máa jí ìrora náà dìde. Bí wòlíì kan bá ríran sí ọ pé kí o ju oògùn rẹ nù, mú wòlíì náà wá sọ́dọ̀ àwọn àgbà ìjọ kó tún ìran náà rí lójú wa. Ẹ wọ bàtà títí ẹ ó fi dé ibi àdúrà, ìgbà náà ni kí ẹ bọ́ ọ. Ẹ wọ súẹ́tà sábẹ́ sùtánà, Olúwa kò ní bínú. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá gun òkè. Méjì-méjì ni, ẹni tó bá yára yóò dúró de ẹni tó ń fà. Ẹni tó bá rẹ̀, kó sọ. Ẹni kejì rẹ̀ yóò bá a sọ̀kalẹ̀, a kò sì ní béèrè ìdí lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Àwọn arábìnrin méjì mi ẹgbẹ́ akọrin, ẹ̀yin ni ẹ ó jọ rìn.

Àwọn ìyá ìjọ yóò wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú iná àti ẹ̀kọ gbígbóná láti agogo mẹ́wàá alẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Akọ̀wé yóò ka orí wa bí a bá ń lọ, yóò sì tún un kà bí a bá ń bọ̀. Títí iye náà yóò fi pé, ọkọ̀ kankan kò ní ṣí.

Olúwa tó ń kó ènìyàn lọ tó ń kó wọn bọ̀ yóò wà pẹ̀lú wa. Àmín.